THEC64, MEGA65 àbí PiDP-11? Wo firmware àti dírááfù wọn kí o tó rà

Bí ènìyàn bá ń wo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n tún rọ, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fa ni: àwọ̀ ike rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, iná tó ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Kò sí èyí tí kò rẹwà nínú THEC64, MEGA65 àti PiDP-11. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù kan, ohun tí wàá máa bá a fà ni bí firmware, ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ṣe ń wọ inú rẹ̀, àti dírááfù, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ rẹ ń gbà lọ nígbà tí o bá pa iná. Ibẹ̀ ni mo ti fi wọ́n wéra.

THEC64 jáde ní 2019. Ó jọ Commodore 64 ti 1982 látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó ń ṣe bíi Commodore ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. (Mini tó ṣáájú rẹ̀ ní 2018 kéré gan-an, kíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀ kàn wà fún ẹwà ni, kíbọ́ọ̀dù USB lo máa tì bọ̀ ọ́.) MEGA65 jí Commodore 65 dìde, èyí tí ilé iṣẹ́ Commodore kò gbé dé ọjà kó tó wọko gbèsè ní 1994. FPGA ló wà níkùn rẹ̀, ìyẹn chip tó ń to ara rẹ̀ di ẹ̀rọ tí o fẹ́ nígbàkigbà tí o bá tan án. PiDP-11 ní tiẹ̀ jẹ́ pátákó iwájú PDP-11/70, kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé iṣẹ́ DEC, ti 1975, tí wọ́n dín kù sí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, tó ń lo SIMH, ètò tó ń ṣe bíi PDP-11, ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ firmware

Ti THEC64 kò gba àlàyé púpọ̀. Da fáìlì tuntun sórí fílááṣì USB tí wọ́n pín ní ìlànà FAT32, má fi í sínú fódà kankan, ti fílááṣì náà bọ inú ẹ̀rọ, kí o lọ sí ibi tí ó ti ń sọ nípa ara rẹ̀. Yóò rí fáìlì náà, yóò sì bi ọ́ bóyá kí òun gbà á. Má fọwọ́ kan wáyà iná títí tó fi máa parí. Ó tán.

MEGA65 ló wù mí jù níbí. Core ni wọ́n ń pe firmware rẹ̀, fáìlì rẹ̀ sì máa ń parí sí .cor. O máa di bọ́tìnì NO SCROLL mú bí o bá ṣe ń tan án, ojú ìwé kan á sì jáde tó pín ibi ìpamọ́ sí àyè-àyè. Àyè 0 ni core tí wọ́n fi rán an jáde láti ilé iṣẹ́. Fi ìyẹn sílẹ̀. Àyè 1 ni kí o kọ tuntun sí. Ká ní iná lọ láàárín iṣẹ́, àyè 0 ṣì wà níbẹ̀ tí yóò gbé e dìde, wàá sì tún un kọ. Nǹkan kan wà tí ẹni tuntun kì í mọ̀: core nìkan kò tó. Àwọn fáìlì tó wà lórí káàdì SD gbọ́dọ̀ bá core náà mu, bẹ́ẹ̀ sì ni MEGA65.ROM dá dúró lọ́tọ̀. Tí o bá yí ọ̀kan padà tí o fi èkejì sílẹ̀, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu tó bá ń ṣe ségesège.

PiDP-11 kò ní firmware ní ti gidi. Linux tó ń darí Pi wà, SIMH wà, fáìlì dísíìkì wà, o sì lè mú ọ̀kan dójú ìwọ̀n láìfọwọ́ kan ìyókù. Tí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, kọ káàdì SD mìíràn fún Pi. Ewu ibẹ̀ ni pé ènìyàn máa ń gbàgbé láti da fáìlì dísíìkì rẹ̀ síbòmíràn kó tó kọ káàdì tuntun.

Ọ̀rọ̀ dírááfù

Lórí THEC64, bí o bá fẹ́ fi ètò tí o fi èdè BASIC kọ pamọ́, fáìlì tó ń jẹ́ THEC64-drive8.d64 gbọ́dọ̀ wà lórí fílááṣì náà. Òun ni ẹ̀rọ ń rí bíi dírááfù 8. Ìwọ̀n D64, irú fáìlì tó dúró fún dísíìkì kan, kò ju 174,848 báìtì, bíi ti dísíìkì 1541, dírááfù Commodore àtijọ́. Àyè míì kò pọ̀ láti tún un tò, èyí sì dára fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣeré.

MEGA65 gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dírááfù flọ́pì gidi wà lára rẹ̀, o sì tún lè fi fáìlì D81, tó dúró fún flọ́pì kan, 819,200 báìtì, rọ́pò rẹ̀ bí o bá tẹ RESTORE mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ojúhò káàdì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Tí méjèèjì bá ní káàdì, tẹ̀yìn ló ń lò. SDHC ni kí o rà, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ pín in (format). Èmi pàdánù odindi ìrọ̀lẹ́ kan nítorí D81 kan tí mo ń rí orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbà láti wọlé. Ohun tó fà á ni pé fáìlì náà gbọ́dọ̀ wà ní ìtòtẹ̀léra lórí káàdì. Èmi sì ti pa fáìlì rẹ́, mo ti da òmíràn lé e, títí tí tuntun fi fọ́n ká sínú àlàfo kéékèèké. Mo kó gbogbo rẹ̀ kúrò, mo pín káàdì lákọ̀tun, mo dà wọ́n padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wọlé.

PiDP-11 ló fún ọ ní agbára jù, òun náà ló sì ń béèrè jù. Fáìlì boot.ini ni o máa kọ irú dírááfù sí: `set rp0 rp06`, lẹ́yìn náà `attach rp0` pẹ̀lú orúkọ fáìlì. Nínú irú dírááfù DEC àtijọ́, RK05 gba nǹkan bíi 2.5 mẹ́gábáìtì, RL02 gba 10, RP06 gba nǹkan bíi 174. Swíìsì iwájú ni o fi ń yan èyí tí ó máa dìde, ní òǹkà octal, èyí tó ń lo 0 títí dé 7. Bí o bá ń lo Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí rẹ̀, pa Unix náà kí o tó pa Pi, torí dírááfù tí o rí yẹn, fáìlì tó ṣí sílẹ̀ ni.

Fún ọmọdé tàbí ẹni tí kò ráyè, THEC64 ni. Ẹni tó ní flọ́pì gidi nílé, tó sì fẹ́ máa kọ ètò, kó ra MEGA65. PiDP-11 jẹ́ ti ẹni tí kò bẹ̀rù kí ó fi òjé gbígbóná (solder) jó àwọn ẹyọ ẹ̀rọ náà pọ̀: ní túká ni wọ́n ń tà á, Raspberry Pi kò sì sí nínú páálí náà.