Òṣùwọ̀n Rankin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ agbárí: ẹ béèrè bóyá 3 ni tàbí 4

Bí rọpárọsẹ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí apá kan ọpọlọ wú, tó ń ti apá kejì, àwọn dókítà lè gé eegun agbárí kúrò lápá ibẹ̀ kí ọpọlọ lè ráyè. Ẹbí á ní, "Tó bá yè é, báwo ló ṣe máa rí?" Òṣùwọ̀n Rankin, tí John Rankin gbé jáde ní 1957, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà, ni wọ́n sábà fi ń dáhùn. 0 ni ẹni tí kò ní àmì àìsàn kankan, 6 ni òkú.

Ó yá, kò gba ẹ̀rọ. Àárín 3 àti 4 ló ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó wà ní 3 ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹni tó wà ní 4 kò lè dá rìn, ẹlòmíì ló ń bá a wẹ̀, tó ń bá a wọṣọ. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí ka 4 mọ́ àbájáde rere nígbà tí wọ́n pa èsì ìwádìí mẹ́ta lórí iṣẹ́ abẹ yìí, DECIMAL, DESTINY àti HAMLET, pọ̀ ní 2007. Lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 60 lọ, tí wọ́n tètè ṣe é fún láàárín wákàtí 48, 78 nínú 100 ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Láìṣe é, 29 ni. Àmọ́ 43 péré ló wà ní 3 tàbí tó sàn jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ló wúwo jù: nínú DESTINY II, ti àwọn ẹni ọdún 61 sókè, ikú dín láti 70 sí 33 nínú 100, ṣùgbọ́n 7 ló dé 3, kò sì sẹ́ni tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn wá pé wọn kì í sábà la èyí yé ẹbí kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Òṣùwọ̀n yìí kò rí àìlèsọ̀rọ̀ aláìsàn, kò rí ìrẹ̀wẹ̀sì. Kò rí iṣẹ́ ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ pẹ̀lú: ihò tí kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 máa ń fún ọpọlọ tó ń wú jáde ní etí eegun, iṣan ẹ̀jẹ̀ á dí, ẹ̀jẹ̀ á dà síbẹ̀.

Ẹ má fi nọ́ńbà ọjọ́ tí aláìsàn kúrò nílé ìwòsàn ṣèdájọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n ní oṣù 6, kí ẹ tún un wọ̀n ní oṣù 12. Bí ẹni tó ti ń gbé ẹsẹ̀ bá ṣàdédé padà sẹ́yìn, ẹ wo ibi tí kò séegun: bí awọ orí bá jìn wọnú, dídá eegun padà lè gbé e dìde, bó bá wú, ó lè jẹ́ omi ló ń kójọ nínú ọpọlọ.