Absolute Batman, Ultimate Spider-Man àbí Iyanu: èwo ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fowó yín rà?

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ràn kọ́míìkì bíi tèmi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí dọ́là ti sọ ìwé di ọ̀wọ́n. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra, torí àwọn ni wọ́n máa ń bi mí léèrè jù: Absolute Batman ti iléeṣẹ́ DC, Ultimate Spider-Man ti iléeṣẹ́ Marvel, àti Iyanu tí Roye Okupe kọ. Kò sí èyí tí ò dáa níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n agbára ò ká kéèyàn ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan.

Nǹkan tí mo máa ń kọ́kọ́ wò lára akọni kan, kì í ṣe agbára ẹ̀, ta ló tọ́ ọ dàgbà, ta ló ń retí ẹ̀ nílé? Ibẹ̀ gan-an ni àwọn mẹ́ta yìí ti yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Batman. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló jáde, Scott Snyder ló ń kọ ìtàn, Nick Dragotta ló ń yàwòrán. Batman tá a ti mọ̀ látijọ́, ọmọ olówó ni, bàbá àti ìyá ẹ̀ ti kú, Alfred ló ń tọ́jú ẹ̀. Nínú èyí, Bruce, ìyẹn Batman fúnra ẹ̀, ò lówó rárá, ẹnjiníà ni, ọgbọ́n orí ẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń ṣe nǹkan tó fi ń jà. Tíṣà ni bàbá ẹ̀, wọ́n yìnbọn pa á nígbà tó kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wo ọgbà ẹranko, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ṣì wà láàyè, èyí sì yí gbogbo nǹkan padà pátápátá, torí ẹni tó níyàá nílé ò lè máa fẹ̀mí ara ẹ̀ wewu bí ẹni tí ò ní ẹnì kankan. Àwọn tá a mọ̀ sí ọ̀tá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi Harvey Dent àti Oswald Cobblepot, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ẹ̀ ni wọ́n níbí, Joker tó jẹ́ ọ̀tá ẹ̀ gan-an ló wá di olówó. Dragotta ya ara Batman, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àmì àdán tó wà láyà ẹ̀ gan-an, àáké ni, ó máa ń yọ ọ́ jà! Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹ má rà á fọ́mọ kékeré.

Ultimate Spider-Man ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024, Jonathan Hickman ló kọ ọ́, Marco Checchetto ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán ẹ̀, David Messina náà ya díẹ̀. Peter Parker, ìyẹn Spider-Man fúnra ẹ̀, kì í ṣọmọ iléèwé mọ́ o, ó ti gbéyàwó, òun àti Mary Jane ti bímọ méjì, Richard àti May, kó tó di pé agbára aláǹtakùn wọ ara ẹ̀. Uncle Ben tó tọ́ Peter dàgbà, tó máa ń kú nínú ìtàn Spider-Man, kò kú nínú èyí, ìyàwó ẹ̀, Aunt May, ló kú. Ẹ wá wo bàbá ọlọ́mọ méjì tó ń fo láti orí ilé kan sórí òmíràn, tí ìyàwó ẹ̀ ń retí ẹ̀ nílé, tó tún gbọ́dọ̀ jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Wọ́n ṣètò ẹ̀ débi pé bí ìwé kan bá ti jáde, oṣù kan ti kọjá nínú ìtàn náà pẹ̀lú, torí náà àwọn ọmọ yẹn ń dàgbà lójú yín. Apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n jókòó jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, kò síjà, ọ̀rọ̀ lásán, síbẹ̀ mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ìjà nìkan ló ń wá, ó lè sú u.

Iyanu wá ńkọ́? Iléeṣẹ́ Dark Horse ló tẹ apá kìíní jáde lọ́dún 2021, ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, ọmọ Nàìjíríà náà ló yàwòrán ẹ̀, Godwin Akpan. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni Ìyanu, ẹnì kan tó ń jẹ́ Olórí ló ń tọ́ ọ tó sì ń kọ́ ọ ní ìtàn ayé àtijọ́, àfi bó ṣe ṣàdédé rí i pé agbára ńlá kan wà lára òun, lòun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, Bíyí àti Tóyè, bá gbéra ìrìn àjò. Aṣọ àti irun tí wọ́n yà síbẹ̀, ọmọ tó ti wo Ojúde Ọba rí ò ní béèrè pé ilẹ̀ ibo nìyí. Wọ́n ti sọ ọ́ di kàtúùnù, oṣù kẹrin ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network, ṣùgbọ́n ẹ ra ìwé ẹ̀ náà, torí ọmọ lè dúró wo àwòrán kan bó ṣe wù ú. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn mí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wù mí kí wọ́n tẹ ti Yorùbá jáde, kí màmá àgbà náà lè kà á fọ́mọ ọmọ ẹ̀.

Torí náà tọ́mọ bá wà nílé, Iyanu ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ rà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Tẹ́ẹ bá ti ṣègbéyàwó, tẹ́ẹ mọ bí owó iléèwé ṣe ń fa orí fífọ́, Ultimate Spider-Man á wọ̀ yín lára. Absolute Batman ló kẹ́yìn lọ́dọ̀ mi, àfi tó bá jẹ́ àwòrán àti ìjà ló wù yín jù.

Ní ti bẹ́ẹ ṣe máa rà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra àwọn ìwé pélébé tó ń jáde lóṣooṣù. Bíi dọ́là 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà sì ni wọ́n dì pọ̀ nínú apá kìíní Batman àti ti Spider-Man, tẹ́ẹ bá rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi dọ́là 30 nìyẹn, ìwé tí wọ́n dì pọ̀ kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kọ́fà oríṣiríṣi tí wọ́n máa ń ṣe fún ìwé kan ṣoṣo náà, ìtàn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kọ́fà gbowó lọ́wọ́ yín. Marvel Unlimited, áàpù tí wọ́n fi ń ka kọ́míìkì Marvel, wà lórí fóònù, dọ́là 9.99 lóṣù, ìwé tuntun máa ń débẹ̀ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, Spider-Man wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí Batman, ọjọ́ tẹ́ẹ ò bá sì sanwó mọ́, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Kí ẹni tó ń tà á ní Èkó tó fi wébíìlì ránṣẹ́ sí Gáréèjì Èkó n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ ní kó ya fọ́tò kọ́fà ẹ̀ wá. Ultimate Spider-Man mìíràn wà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, Brian Michael Bendis ló kọ ìyẹn, ọmọ iléèwé ni Peter ibẹ̀, ìtàn tó dáa ni àmọ́ òun kọ́ la ń sọ, orúkọ Hickman ni kẹ́ẹ wá. DC náà ti ń lo orúkọ Absolute tipẹ́ fún àwọn ìwé ńlá olówó gọbọi tí wọ́n máa ń kì sínú páálí, ìtàn àtijọ́ ló wà nínú wọn, owó wọn sì pọ̀ ju èyí tẹ́ẹ fẹ́ rà lọ dáadáa, ẹ wo orúkọ Snyder àti Dragotta kẹ́ẹ tó fowó ránṣẹ́.