Okùn síkípìn tí mo rà ní Sùúrùlérè, oṣù márùn-ún rèé mo ṣì ń fò ó

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń jí láago mẹ́rin àárọ̀ tí ẹ ò sì ní wọlé títí aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ okùn tí mo rà yìí, torí mo ti náwó síbi tí kò yẹ kí n tó dé ìdí ẹ̀. Abúlé Ẹ̀gbá ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé tí aago márùn-ún bá ká èèyàn mọ́lé, ó ti wọ gbèsè sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ nìyẹn. Ọmọ méjì, oúnjẹ alẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ìyá gbọ́dọ̀ jókòó tì. Ibo lèèyàn ti fẹ́ yọ wákàtí kan fún eré ìdárayá níbẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá mo san owó oṣù mẹ́ta ní jíìmù kan ládùúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ni mo débẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, nígbà yẹn mo ti wà nínú mọ́tò, tí mo bá sì sáré débẹ̀ lálẹ́ kò ní síná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan á kàn dúró gbagidi, wọ́n á ní ká ní sùúrù àwọn ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Kí n tó pààrọ̀ aṣọ, kí n tó rìn débẹ̀, kí n tó dúró de ẹ̀rọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ, mi ò tíì làágùn. Owó yẹn ṣì ń dùn mí.

Sátidé kan ni mo lọ sí Sùúrùlérè, mo bá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan eré ìdárayá nítòsí Sítédíọ̀mù. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi gbé mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́, ₦1,500, ọwọ́ ẹ̀ ò yí rárá, kéèyàn fò ó bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá okùn á ti lọ́. Ìkejì, wáyà onírin tí wọ́n fi rọ́bà bò, ó ní ìyẹn yá jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó bá na èèyàn lójúgun á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Ìkẹta ni mo mú, ₦4,500, okùn rọ́bà dúdú, ó ní bíárìn nínú ọwọ́ tó fi ń yí láìlọ́. Mo fẹ́ràn bó ṣe fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n fún mi: "Àǹtí, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fa ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sókè, tó bá ti dé abíyá yín ó ti tó." Ó ju abíyá lọ, ó gé èyí tó kù, ó sì ní kí n fò ó níwájú ṣọ́ọ̀bù kí n tó sanwó. Mo fò ó, láàárín ọjà. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe tẹ́ńtẹ́ń níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀ báyẹn mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kó bá ìgbé ayé mi mu. Orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń gbé. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, omi ìwẹ̀ wà lórí iná, kí omi náà tó hó mo ti fò tán. Kò bèèrè iná NEPA, kò bèèrè mọ́tò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mò ń fò, ìsinmi ò sí nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó le fún 75 sí 150, wọ́n sì ti yọ òfin àtijọ́ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kúrò, ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀ yín náà wọ ìṣirò. Èyí tó le ni èyí tó ń jẹ́ kéèyàn mí hẹlẹhẹlẹ tí kò fi lè sọ gbólóhùn kan tán, ìṣẹ́jú kan ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú méjì ti ẹni tó ń rìn kíákíá. Tèmi rèé: ogójì ìṣẹ́jú okùn dà bí ọgọ́rin, mo tún ti fi mọ́tò kékeré tí mo máa ń wọ̀ láti ibùdókọ̀ CMS dé ibi iṣẹ́ sílẹ̀, mò ń fẹsẹ̀ rìn ín kíákíá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 75. Àpapọ̀ ẹ̀ 155. Mo ti kọjá 150, mi ò sì yọ wákàtí kankan sọ́tọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí àwa obìnrin kì í sọ síta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí mo bá ti fò dé ogún, ìtọ̀ á jò. Ojú tì mí débi pé mo so okùn náà kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé ìbímọ máa ń mú kí àwọn iṣan ìsàlẹ̀ tó gbé àpò ìtọ̀ ró dẹ̀, pé kí n máa fún un pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kí n ka ení dé àrún, kí n tú u sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Inú mọ́tò ni mo ti ń ṣe é, ẹni tó jókòó tì mí ò mọ nǹkan kan. Kí oṣù mẹ́ta tó pé ó ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ má tíì fò o, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín ná, ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí ìfúnpá ẹ̀ ga náà, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ wọ bàtà, ẹ sì wọ kọ́mú tó le dáadáa, ẹ má fò ga, kí okùn ṣáà ti rí ibi gbà kọjá.

Àléébù ẹ̀ wà. Fóòmù ọwọ́ ẹ̀ ti ń bó látàrí òógùn láti oṣù kejì, mo fi tépù dúdú àwọn oníná wé e. Sìmẹ́ńtì ń jẹ àárín okùn, kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mò ń tẹ́ sílẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá sì ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má fò ó nínú ilé, ìyá onílé wa kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi ni mo kó o lọ. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ò gba ọjà padà, ẹ rí i dájú pé ẹ fò ó dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún okùn, fóòmù yẹn nìkan ni kí wọ́n tún ṣe. Ọmọ mi obìnrin ti ń bá mi fò ó ní Sátidé báyìí, a máa ń ta kókó kan sí i kó lè mọ níwọ̀n tiẹ̀, tó bá kàn mí a tún tú u.