Àwo Band on the Run ti 1973 tó wà ní Takie: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ṣọ́ọ̀bù àwo àtijọ́ kan wà nítòsí Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó ní Band on the Run ti Paul McCartney àti Wings, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, lórí àtẹ. Èyí tí ilé iṣẹ́ àwo Apple tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ni PAS 10007. Ẹni tó ń tà á ní ojúlówó ni, pé irú ẹ̀ kò sí mọ́. Ojúlówó ni lóòótọ́, a ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde. Àmọ́ irú ẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Oṣù Kejìlá 1973 ló jáde, ó sì wà lára àwo tó tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni èyí tó pé pérépéré: páálí tí kò ya, àpò inú tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sí, pósítà rẹ̀, àti ojú àwo tí abẹ́rẹ́ burúkú kò tíì jẹ. Nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí nìkan ló fi yẹ kéèyàn san owó gọbọi.

Ìdí tí àwọn tó ń kó àwo jọ lọ́dọ̀ wa fi ń wá a kò fara sin. Èkó ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀ sílẹ̀, ní sítúdíò ilé iṣẹ́ àwo EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá, ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án 1973, lórí ẹ̀rọ tí kò gbà ju ìpín ohùn mẹ́jọ lọ. Ìyókù di Lọ́ńdọ̀nù. Sítúdíò ARC tí Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe “Picasso's Last Words”, Baker fúnra rẹ̀ sì mi agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ṣùgbọ́n tí òǹtajà bá sọ fún yín pé Fẹlá wà nínú àwo náà, ẹ má gbà á. Fẹlá kò lu nǹkan kan níbẹ̀, kò sì kọrin kankan. Ńṣe ló fẹ̀sùn kan McCartney pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú kó, títí ìyẹn fi gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́. Remi Kabaka ni ọmọ Nàìjíríà tó bá wọn lu ìlù, nínú “Bluebird”, Lọ́ńdọ̀nù sì ni wọ́n ti gba ìyẹn. Orin róòkì ni àwo yìí látòkè délẹ̀.

Páálí rẹ̀ máa ń ṣi àwọn tó kọ́kọ́ rí i lọ́nà, torí ojú àwòrán náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pé oòrùn ti jẹ ẹ́. Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Alẹ́ ni Clive Arrowsmith ya àwòrán náà, ní Osterley Park, oṣù Kẹwàá 1973. Fíìmù tó wà fún ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló lò lábẹ́ iná mànàmáná, ìyẹn ló fi ní àwọ̀ yẹn. Ẹ má torí ẹ̀ yọwó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ tútù nù ún. Ibi tó yẹ kójú yín lọ ni etí páálí. Ti Takie yìí ti ya nísàlẹ̀ tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin, nítorí wọ́n máa ń ju àwo wọnú rẹ̀ pẹ̀lú ìdúró, tí etí àwo á sì máa gé bébà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn fún ojú ihò ikán, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn inú rẹ̀. Páálí tó bá ti ń rùn bí ilé tí òjò ń jò sí, èbu ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, á sì ran àwọn tó bá bá nílé. Eléyìí kò ní ikán, kò sì rùn.

Pósítà rẹ̀ wà níbẹ̀, inú wa sì dùn sí i, torí òun ni Èkó ti hàn jù: àwọn àwòrán kéékèèké tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, tí wọ́n tò pọ̀. Àléébù kan ló ní. Ẹnì kan ti lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ oríta tí ojú ìṣẹ́po ti pàdé, téèpù náà sì ti pọ́n. Ẹ má fà á yọ, torí yíǹkì á bá a lọ. Àpò inú pé, kò ya.

Ibi tí a ti ń mọ ọjọ́ orí àwo ni ojú dídán tí kò ní orin, láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà tó wà láàárín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá etí àwo mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí i sábẹ́ iná tàbí tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ gbé e bíi pé aago lẹ fẹ́ kà. Níbi aago mẹ́fà, ẹ ó rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú YEX. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì ìdábùú ló ń sọ ìgbà kelòó tí wọ́n gé e. Níbi aago mẹ́sàn-án, nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ ti irin ìyá tí wọ́n fi ṣe irin tó ń tẹ àwo. Níbi aago mẹ́ta ni lẹ́tà wà, lẹ́tà yẹn sì ni nọ́ńbà irin tó ń tẹ àwo gan-an. EMI fi GRAMOPHLTD kà á: G jẹ́ 1, R jẹ́ 2, A jẹ́ 3, M jẹ́ 4, O jẹ́ 5, P jẹ́ 6, H jẹ́ 7, L jẹ́ 8, T jẹ́ 9, D jẹ́ òdo. Ẹ̀dà Takie ní RM lójú kìíní, ìyẹn 24, ó sì ní GO lójú kejì, ìyẹn 15. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ irin tó ní nọ́ńbà kékeré náà lè ti gbó nígbà tí wọ́n fi tẹ àwo yín, nítorí náà etí ló máa dájọ́. Ẹ tún ka orin: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá rí “Helen Wheels” nínú rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni, SO-3415, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Òǹtajà á fẹ́ fi ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìíní dá yín lára yá. Ẹ ní kó gbé abẹ́rẹ́ sí ìparí ojú kejì, sórí “Nineteen Hundred and Eighty-Five”. Ní etí òde, bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí àárín, kò ju bíi 20 lọ. Orin yẹn wá ń pariwo sí i bó ṣe ń parí, pẹ̀lú dùùrù àti ọ̀kẹ́strà, níbi tí àyè ti fún jù. Tí wọ́n bá ti fi ṣéńjà àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ àwo fúnra rẹ̀) tó ń tẹ àwo pẹ̀lú gíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà gbọ́ ọ, tàbí tí wọ́n gbé kọ́bọ̀ lé orí apá rẹ̀ kó má baà fò, ibẹ̀ ló máa ti kọ́kọ́ bàjẹ́: ohùn á máa ya bí aṣọ, kò sì sí ìfọ̀ tó lè tún un ṣe. Ẹ̀dà yìí kọjá ìdánwò náà. Dùùrù rẹ̀ mọ́, ohùn fèrè kàkàkí le díẹ̀ ní apá kan nìkan. “Bluebird” ń ta pàù pàù díẹ̀díẹ̀, torí ìdọ̀tí ni, ìyẹn sì máa lọ. A máa rà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní iye tí wọ́n pè é. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà kúrò nítorí etí páálí àti sẹ́lótéèpù. Ibòmíràn tí kò bá ti sí pósítà, ẹ má san ju ìdajì. Ẹni tó jẹ́ pé orin nìkan ló ń wá, kó ra èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ní 2024, tí Miles Showell gé ní Abbey Road. Ariwo pàù pàù kò sí lára rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì mọ́tò, kẹ́ ẹ ra omi bátìrì tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ là á mọ́ wọn létí pé kì í ṣe ásíìdì, torí ike kan náà ni wọ́n lè rọ méjèèjì sí. Omi inú ọ̀rá máa ń fi eérú funfun sílẹ̀ lójú ọ̀nà abẹ́rẹ́. Omi ìdá mẹ́rin sí isopropyl (ọtí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu nǹkan) ìdá kan, kẹ́ ẹ wá kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí lítà kan. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún yípo, ẹ má ṣe dá ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá, ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín, kẹ́ ẹ wá fi omi lásán ṣàn án. Kẹrosíìnì àti sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò kò gbọdọ̀ kàn án.

Ẹ̀rọ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ ńkọ́? Kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi gíráàmù 1.5 sí 2 tẹ àwo, ó tó. Tókunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tiransfọ́mà á dín fóltéèjì kù sí 110, ṣùgbọ́n iná wa ṣì jẹ́ hertz 50 (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ti wọn sì jẹ́ 60. Tí mọ́tò rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé hertz iná, dípò ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, bíi 27.8 ni á máa yí, McCartney á sì dà bí ẹni tó ń tòògbé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà máa ń mú kí ohùn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò. Mọ́tò DC, tí kì í tẹ̀ lé hertz iná, kò ní wàhálà yẹn.

Tí ẹ bá rà á, ẹ fà á yọ kúrò nínú páálí, kẹ́ ẹ fi àpò inú tuntun gbé e lọ lọ́tọ̀, kí etí tó ti ya yẹn má baà ya sí i. Ẹ gbé e dúró sí ẹsẹ̀ yín nínú ọkọ̀, bóyá Ọ̀yọ́ lẹ ń lọ tàbí Ìlọrin. Ẹ má fi sí búùtù tàbí ẹ̀yìn gíláàsì: ní ọ̀sán gangan oṣù Kẹta, àkókò tí ẹ fi ya jẹun lọ́nà ti tó fún un láti wọ́.