Onírọ́bà àbí alẹ̀mọ́ra: èwo ni kí ẹ rà fún ẹ̀rọ ECG yín?

Ẹ̀rọ ECG ló ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Bí ìlà rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ la máa ń dá lẹ́bi. Ibi tí wáyà ti kan awọ aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Electrode là ń pe ohun tó wà níbẹ̀, oríṣi méjì ló sì wà níwájú yín: onírọ́bà àti alẹ̀mọ́ra.

Onírọ́bà là ń tẹ̀ mọ́ àyà kó lè fa awọ. Agbámú rẹ̀ ló ń há ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ inú ife rẹ̀ wò: bí jẹ́ẹ̀lì àná bá ti gbẹ síbẹ̀, tí irin rẹ̀ sì ti ń dípẹtà, ìlà á kàn máa fò sókè sódò ni. Ó lè má dúró dáadáa láyà onírun.

Alẹ̀mọ́ra ní èròjà fàdákà nínú, ìlà rẹ̀ sì ń dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré là ń lò ó, owó sì ń lọ. Òun ni mo fara mọ́, àmọ́ kí ẹ ra ọ̀rá kékeré. Mo ti ra páálí ńlá rí nítorí ẹ̀dínwó. Ká tó lò ó dé ìdajì, jẹ́ẹ̀lì ìyókù ti gbẹ. Ẹ má sì da oríṣi méjèèjì pọ̀ lára ẹnì kan.

Ẹ̀rọ ńkọ́? 25 mm ni bébà ń sáré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ka òkè wínníwínní 10 tó dọ́gba nínú àpótí ńlá kan (5 mm) lórí bébà, iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ ló wọlé, torí 50 Hz ni tiwa, ìyẹn ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 60 Hz ni ti Amẹ́ríkà. Tòkunbọ̀ láti ọ̀hún tí asẹ́ iná rẹ̀, èyí tó ń yọ gbígbọ̀n iná kúrò nínú ìlà, kò bá ṣeé yí sí 50, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nítorí àìsàn Parkinson kò gbọ́ ti alẹ̀mọ́ra. Ó lè jọ àìsàn ọkàn gan-an lórí bébà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ wo lead III, ọ̀kan lára àwọn ìlà tí ECG ń yà: ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, yóò mọ́.

Bí àwọn tó ní pacemaker (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sínú ara kó lè máa mú ọkàn lù) bá ń wá sọ́dọ̀ yín, ẹ bèèrè bóyá ẹ̀rọ ECG náà ń gba àmì dé 150 Hz. Àmì pacemaker sábà máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá péré. Asẹ́ 40 Hz tó ń mú kí ìlà dára lójú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́, kí dókítà rò pé pacemaker ti dákẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà pa asẹ́ náà níṣojú yín.