Asẹ́ḿbílì fún TI-84 Plus: ká tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àbí ká kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà?

Bí ẹ bá fẹ́ fi asẹ́ḿbílì, èdè tó sún mọ́ ẹ̀rọ pẹ́kípẹ́kí, bá Z80, ọpọlọ inú ẹ̀rọ ìṣírò TI-84 Plus, sọ̀rọ̀ ní tààrà, ẹ lè tẹ program náà sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí program tuntun, ẹ fi AsmPrgm sí ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ EF4045C9, ìyẹn kóòdù tí Z80 fúnra rẹ̀ ń kà, sábẹ́ rẹ̀. EF4045 ń pe iṣẹ́ tó ń nu ojú ẹ̀rọ mọ́. C9 ní kó padà síbi tó ti wá. Àṣẹ Asm( ló máa mú program náà ṣiṣẹ́. Kò sí wáyà, kò sí kọ̀ǹpútà. Nínú dánfó pàápàá, iṣẹ́ ń lọ.

Àtúnṣe ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ ṣáà fi báìtì mẹ́ta kún àárín, gbogbo àdírẹ́sì (nọ́ńbà ipò báìtì nínú ẹ̀rọ) tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ti sún nìyẹn, ẹ̀yin lẹ ó sì tún un ṣírò. Ẹ gbàgbé C9 pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ lè gan, kí RAM, ibi tí program wà, pa rẹ́, tòun ti program tẹ́ ẹ ń tẹ̀ bọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ti kó o sí Archive, ibi ìpamọ́ tí kì í bá RAM pa rẹ́.

Lórí kọ̀ǹpútà, ret lẹ ó kọ dípò C9. Ẹ fún ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fò lọ lórúkọ, SPASM, tó ń sọ ohun tẹ́ ẹ kọ di kóòdù ẹ̀rọ, á bá yín ṣírò àdírẹ́sì láti 9D95h, ibi tí kóòdù ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ. Wabbitemu, tó ń ṣe bíi TI-84 Plus lórí kọ̀ǹpútà, wà fún ìdánwò. Tó bá gan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pàdánù nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà USB gbé e sórí ẹ̀rọ.

Tó bá ti ju ìlà mélòó kan lọ, kọ̀ǹpútà ni tèmi. TI-84 Plus CE, àbúrò rẹ̀, ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o: láti 2020 ni OS tuntun rẹ̀ (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) ti ti ilẹ̀kùn mọ́ asẹ́ḿbílì.