Mo lọ wo Éfésù, mo ń wá òkun

Bọ́ọ̀sì gbé wa láti Kuşadası ní Tọ́kì láàárọ̀, àwa mẹ́rìnlá, ó ń lọ sí àwókù ìlú Éfésù àtijọ́. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo bi afinimọ̀nà wa pé, "Òkun dà?" Ṣebí ìlú etíkun ni wọ́n pè é, ṣebí ọkọ̀ ojú omi ni Pọ́ọ̀lù bá kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ilẹ̀ koríko kan lọ́ọ̀ọ́kán: èbúté nìyẹn tẹ́lẹ̀. Odò tí wọ́n ń pè ní Küçük Menderes ló ń wọ́ ẹrẹ̀ wá títí tó fi dí i pa. Wọ́n gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ kò dẹ́kun. Ní báyìí, ó ju kìlómítà márùn-ún lọ kéèyàn tó kan omi iyọ̀.

Afinimọ̀nà yìí mọṣẹ́. Ó ní Lysimachus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alexander Ńlá tó wá di ọba, fẹ́ kó àwọn Gíríìkì ibẹ̀ lọ síbi tí àwókù náà wà báyìí, wọ́n kọ̀. Strabo, Gíríìkì àtijọ́ tó kọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba náà dúró de òjò ńlá, ó ní kí wọ́n dí ojú gọ́tà. Ẹni tí àgbàrá bá ti wọ yàrá rẹ̀ rí mọ̀ pé àríyànjiyàn tán nìyẹn.

Mo gun tíátà dé òkè pátápátá. Ó gba nǹkan bí 25,000 èèyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi wákàtí méjì pariwo orúkọ Diana, òrìṣà wọn, nítorí Pọ́ọ̀lù. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀, mo gbọ́ ọ ketekete. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú dáadáa o, mábù ojú ọ̀nà ti dán bí àwo, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ̀. Owó ọ̀tọ̀ ni ti àwọn ilé olówó tí wọ́n bò lórùlé; ẹ má ṣahun, ọ̀dà tí wọ́n fi ya àwòrán sára ògiri ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú: wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi há wa mọ́ ìsọ̀ aláwọ kan, tí wọ́n ń wọ jákẹ́ẹ̀tì fún wa nínú oòrùn. Kò sí nínú ìwé tí mo sanwó lé. Tẹ́ńpìlì Diana, ọ̀kan nínú ohun ìyanu méje ayé àtijọ́, tí Herostratus tinábọ̀ ní 356 ṣáájú Kristi nítorí òkìkí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fún un. Òpó kan ló dá dúró nínú àbàtà, ìtẹ́ ẹyẹ àkọ̀ wà lórí rẹ̀. Mi ò tíì rí i tán tí dẹ́rẹ́bà fi ń fọn fèrè.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ti afinimọ̀nà ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá tún lọ, Selçuk, ìlú tó wà nítòsí ibẹ̀, ni màá sùn, màá wọ dolmuş, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, dé ẹnu géètì fúnra mi.